Ìyá Olómi àti Fáànù Tí Kò Yí

Ó pé oṣù méjì lónìí tí àbúrò mi obìnrin kú, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ìwé dókítà ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Ìwé tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ ní òṣìṣẹ́ àtàtà ni, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, nítorí náà mo ka ìwé méjèèjì dáadáa. Ti dókítà nìkan ni mo gbà gbọ́. Dókítà ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀ kó tó mú gègé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ náà gbọ́ ikọ́ yẹn fún ọdún mẹ́fà, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ àfi ìgbà tó dákẹ́. Ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là á dère.

Iṣẹ́ láàbù ló ń ṣe nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń po èròjà, òun ló ń tan iná, òun náà ló ń pa á. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n á wá wo ohun tó bá jáde, wọ́n á sì mi orí. Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí pé ó kọ tíńà sílẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kun ilé ń fi po ọ̀dà, ó ní omi lòun máa fi ṣiṣẹ́. Èmi náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Gbogbo ìwé tí o kà, omi lásán lo bá bọ̀?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ̀wé ìròyìn, ṣé kì í ṣe tàdáwà lásán lẹ bá bọ̀ ni?"

Ó nídìí tó fi sá lọ bá omi. Fáànù tó yẹ kó máa fa èéfín láàbù síta kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó kọ lẹ́tà, olórí ẹ̀ka ní òun ti rí i. Ó kọ òmíràn, wọ́n ní kó fi fọ́tò fáànù náà ránṣẹ́, àfi bíi pé fáànù ọ̀hún ń wá ọkọ. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo bá nínú àpótí rẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ "A ti gbà á" mọ́ gbogbo wọn. Ta ló gbà á? Ibo ló gbé e sí? Ṣé òǹtẹ̀ ni fáànù ń jẹ kó tó yí ni?

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó fáànù, ó wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó mú ilẹ̀kẹ̀ ike wínníwínní kan, èyí tí wọ́n ti fi irin kan tó ń jẹ́ paládíọ̀mù há sí nínú. Irin yìí ló ń mú kí èròjà méjì tètè so pọ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá wọn lọ, bí alárinà tó ti so tọkọtaya pọ̀ tán tó sì padà sílé ara rẹ̀. Inú tíńà ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé tirẹ̀ fún mi nídìí oúnjẹ pé epo kì í bá omi rẹ́, pé bí a bá da èròjà ọlọ́ràá sínú omi, ibi tí yóò sá sí ló ń wá, inú ilẹ̀kẹ̀ yẹn ló sì ń sá sí. "Ẹ ò rí i pé a ò lé e? Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá irin." Bó bá ṣe é tán, á sẹ́ ilẹ̀kẹ̀ náà, á fọ̀ ọ́, á dá a padà sínú ìgò olómi, á sì fa ìlà kan sára ìgò. Ìlà mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, kò sẹ́ni tó gbóòórùn tíńà ní yàrá yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n kí omi tó dé, tíńà ti wà ní àyà àbúrò mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìwádìí. Orúkọ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ láàbù yẹn, ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ ló sì wá béèrè. Orúkọ Ìyá Olómi kò sí. Mo bínú, òun ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká ní wọ́n tún fáànù ṣe ni, ǹ bá fi orúkọ yẹn ta wọ́n lọ́rẹ." Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kó àwọn nǹkan rẹ̀. Mi ò rí ìgò onílà. Obìnrin tó gba ipò rẹ̀ ló tú àṣírí fún mi.

"Ẹ má bínú sà. Wọ́n ní ká palẹ̀ mọ́ torí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá kí wa kú ìdárò. Olórí ẹ̀ka ní iyanrìn ló wà nínú ìgò yẹn, ká dà á nù."

Iyanrìn! Obìnrin náà ní wọ́n ra ilẹ̀kẹ̀ tuntun, wọ́n ṣe é bí ìwé ìwádìí ṣe wí. Ìwé ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kó o sínú ààrò oníná títí yóò fi gbẹ, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan yòókù. Nígbà tí wọ́n máa lò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dì gbagidi, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, àbúrò mi kò jẹ́ kí tirẹ̀ gbẹ rí. Nínú àwọn márùn-ún tó fi orúkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọ ilẹ̀kẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu oníwèé ìròyìn tí kò lè dá iyọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ọṣẹ: ẹ má jẹ́ kó gbẹ.

Wọ́n ní ọ̀nà omi kò dáa, wọ́n padà sídìí tíńà. Yàrá kan náà ni, abẹ́ fáànù kan náà ni. Wọ́n tilẹ̀ ti fèrèsé pa kí atẹ́gùn má baà máa da òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èròjà láàmú. Bí obìnrin náà ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wúkọ́.

Mo ní, "Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń wú u?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ikọ́ kẹ̀? Eruku ni sà. Á lọ."

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àbúrò mi sí ara ilẹ̀kùn láàbù. Ẹ ṣeun, ẹ gbé ọ̀dà yín pamọ́ ná. Kí olórí ẹ̀ka jáde wá sọ ibi tí lẹ́tà mọ́kànlá wọlé sí, kó sì dárúkọ ẹni tó lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tún ìwé rẹ̀ kọ, kó fi orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Kí wọ́n sì ti yàrá yẹn pa lónìí, títí fáànù yóò fi yí. Obìnrin tó wà níbẹ̀ báyìí bímọ mẹ́ta. Ó ní eruku ni. Ohun tí àbúrò mi náà sọ nìyẹn, ní ọdún àkọ́kọ́.