Ìdí Tí Owó Oṣù Bàbá Mi Fi Jẹ́ Ìdajì ti Èkó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, iye kan wà tí àwọn ọ̀gá bàbá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́: ìdajì. Káfíńtà ni bàbá mi, lábẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ní Ifẹ̀ níbí àti ní Èkó. Ilẹ̀kùn tí ó ń kàn kò yàtọ̀ sí ti Èkó, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n ìdajì owó káfíńtà Èkó ni wọ́n ń san fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Kí wọ́n tó fi òdiwọ̀n owó náà lélẹ̀, wọ́n rán akọ̀wé kan wá sí agboolé wa, lẹ́yìn Ẹnuwá, láti wádìí iye tí òṣìṣẹ́ ń ná. Ó béèrè owó ilé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ onílẹ̀ kì í háyà ilé. Akọ̀wé wá béèrè owó oúnjẹ. Bàbá mi tún dáhùn:

"Akọ̀wé, kọ ọ́ dáadáa o. Ọmọ Ifẹ̀ kì í ra iṣu jẹ."

Irọ́ ni. Oko wa ti di igbó láti ìgbà tí iṣẹ́ káfíńtà ti gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́; lọ́wọ́ àwọn tó ń kó iṣu wá láti Ìpetumodù ni ìyá mi ti ń rà á. Iyán tí akọ̀wé jẹ lọ́jọ́ náà gan-an, iṣu rírà ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni yóò jẹ́wọ́ àìní lójú àlejò? Ìyá mi dákẹ́, kí ó má baà já ọkọ rẹ̀ nírọ́.

Ní oṣù kejì, káfíńtà kan tí wọ́n gbé wá láti Èkó sọ iye tí òun ń gbà. Bàbá mi lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ṣí ìwé, ó ka ọ̀rọ̀ bàbá mi padà fún un: kò sanwó ilé, kò ra iṣu. Nígbà tí ó délé tí ó ròyìn, ìyá mi kò pariwo.

"Bàbá wọn, ẹnu yín lẹ fi gé owó náà."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jìyà rẹ̀. Ó ti yege ìdánwò iléèwé nọ́ọ̀sì, owó ìwọlé ni kò pé. Ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, ó lọ ń bá ẹni ẹlẹ́ni ránṣọ, ibẹ̀ ló sì darúgbó sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dá bàbá mi lẹ́bi. Ó ṣe àṣìṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí kí iléeṣẹ́ lè dín owó wa kù ni àwọn bàbá ńlá wa ṣe kọ́lé? Iṣẹ́ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀; wọn kò ra ogún rẹ̀.

Ayé ti yí padà báyìí. Ọmọ Ifẹ̀ ń háyà yàrá bí àlejò. Sìmẹ́ǹtì, epo mọ́tò àti oògùn kò sì dínwó nítorí pé a kì í ṣe ará Èkó. Síbẹ̀, bí tíṣà wa bá béèrè àfikún owó, ìjọba ṣì ń sọ fún un pé nǹkan kò wọ́n níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòdiwọ̀n owó oṣù, ní Àbújá àti ní Òṣogbo, ẹ tẹ ìṣirò yín síta: ta lẹ bi léèrè, ọjà wo lẹ dé? Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ẹ́ síta, ẹ san iye kan náà fún iṣẹ́ kan náà.