Ìka Mẹ́ta Tí Mo Fi Ń Wọn Ojú Àwọ̀n

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan fi rúlà wọn àwọ̀n mi létí omi Agboyì, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń hun àwọ̀n fáwọn apẹja níbẹ̀, n ò rí ẹni tó mú rúlà wá rí. Tóyìn lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì ní kó wá wo ohun tó ń mú kí ẹja dín kù nínú odò wa. Ó wọn àwọ̀n mi tán, ló bá tún rí àwọ̀n ògbólógbòó kan tí wọ́n fi bo ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé olóògbé Bàbá Lámídì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó wọn ìyẹn náà, ó wá yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ní ìka mẹ́ta ni àwọn méjèèjì?"

"Ìka mẹ́ta ni."

"Ojú tiyín kéré sí ti Bàbá, mà."

Mo ní rúlà rẹ̀ ló ń purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ojú àwọ̀n ni ihò tó wà láàárín kókó kan sí èkejì. Tá a bá ń hun ún, ìka la máa ń yí okùn mọ́ ká tó ta kókó, kí gbogbo ojú lè rí bákan náà. Ìka méjì, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń kó. Ìka mẹ́ta ló wà fún ẹpìyà tó ti tó jẹ, kí ọmọ ẹja lè gba ibẹ̀ jáde, kó lọ dàgbà. Òfin Bàbá Lámídì nìyẹn. Ẹni tó bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó hun ìka méjì fóun, èébú ni yóò gbé relé. Èmi náà ò hun ìka méjì fẹ́nikẹ́ni rí, mo sì ń fi yangàn kiri gbogbo Kétu bí ẹni pé èmi ni mo dá ẹja.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Ìwópin, tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́, Bàbá gbé ọwọ́ mi wò, ó ní, "Ìka nìyí àbí ìgbálẹ̀?" Ìka tirẹ̀ rèé, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, òrùka kankan ò lè wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́fà la fi jọ ṣe yẹ̀yẹ́ ìka ara wa. Kò sí ẹni tó ronú kàn án nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí Tóyìn lọ tán, mo lọ sídìí ilé adìyẹ yẹn. Mo ki ìka mẹ́ta bọ ojú àwọ̀n Bàbá, ó ṣò. Mo fi ìkẹrin kún un, ó wọlé, àyè ṣì kù. Mo padà wá ki ìka bọ ti ara mi, mẹ́ta péré ló gbà, ó sì há. Ìka ò dọ́gba: àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo ṣe bí ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn adìyẹ.

Ṣé èmi ni mo wá pa ẹja odò run ni? Ó tojú sú mi. Àwọn tí kì í ra àwọ̀n lọ́wọ́ mi, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rà á, àwọn náà ń ráhùn pé ẹja ò sí. Ẹ̀rọ àwọn tó ń wa yanrìn ń po omi pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ewéko ti bo odò débi tí àlejò fi lè rò pé ilẹ̀ ni. Ẹnì kan ní tòmátì jíjẹrà tó ń ṣàn bọ̀ láti ọjà Máìlì Tuẹ́lìfù ni; ẹlòmíì ní oúnjẹ ẹja nìyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ẹja ti kó lọ sí Ìkòròdú, bí ẹni pé wọ́n san owó ilé. Èyí tí wọ́n bá sọ, mà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá délé, mà á tún máa wo ọwọ́ mi.

Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé Múfú ti ṣètò pé ká lọ sí káńsù lọ́jọ́bọ̀, ká lọ fẹjọ́ àwọn awayanrìn sùn. Múfú ni olórí àwọn apẹja wa, òun náà ni oníbàárà mi tó ju gbogbo wọn lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí ẹnu mi ò wúwo. Tí mo bá sọ ti ìka yìí, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún mi? Àwọn awayanrìn á sì fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, irú ìyangàn wo ni mo wá ń ṣe látọjọ́ yìí? Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Múfú dìde láàárín wa, ó ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rọra ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró.

Ọ̀gá tá a bá ní káńsù gbọ́ wa dáadáa. Mo ro ti yanrìn, mo ro ti ewéko, mo ro ti omi tó dúdú. Ó wá béèrè pé báwo lojú àwọ̀n wa ṣe fẹ̀ tó. Múfú yára dáhùn pé ìka mẹ́ta. Ọ̀gá náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ì bá sì tán síbẹ̀. N ò mọ ohun tó tì mí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ìka tèmi ni, sà," ni mo wí, mo sì na ọwọ́ mi sórí tábìlì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣé yanrìn ló wá fà á ni àbí àwọ̀n. Mo ní n ò mọ̀, ohun tójú mi rí ni mo sọ.

Múfú ò bá mi wọ ọkọ̀ kan náà bọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó gbé àwọ̀n wá. Ẹnì kan ń sọ ọ́ kiri pé àwọn awayanrìn ti fún mi ní rìbá. Mo sunkún, n ò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Múfú gbé òwú dé, ojú rẹ̀ ṣì le. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ìka mẹ́ta sí mi, ìka tí àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ ti sọ di gìdìgbà.

"Tèmi ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n."

Mo yí okùn mọ́ ọn, mo ta kókó. Ó jókòó títí ó fi lọ kírun Àsárì, ó tún padà wá na ọwọ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí pé mo lè gé pákó kan kó ṣe déédéé ìka rẹ̀, kó lè rójú lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ni.

Ìgbà tí àwọ̀n náà parí, ó dà á sódò níṣojú mi. Ẹpìyà márùn-ún péré ló kó. Àwa méjèèjì jọ rí àwọn kéékèèké tó ń gba ojú àwọ̀n jáde, wọ́n pọ̀. Ó rẹ̀wẹ̀sì, ọmọ mẹ́rin ló ń retí rẹ̀ nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Múfú, mi ò sọ pé àwọ̀n ni o. Ó lè jẹ́ yanrìn."

"Mo mọ̀, mà."

Ó ká àwọ̀n náà jọ, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó wá béèrè pé pákó ìka òun dà. Mo ní ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi.

"Ẹ má jẹ́ kó sọnù," ó ní. "Ẹ fi hun òmíì."