Djamiou Aránṣọ àti Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Inú Orin Martial

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ dé Sakété lónìí, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó gé etí Djamiou aránṣọ, ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá á ní ìyàwó oníyàwó ló gbà ní Pobè, tí ọkọ fi gbé àdá wá bá a. Wọ́n tilẹ̀ ti fún obìnrin náà lórúkọ. Wọ́n ní Laure ni, wọ́n ní ó pupa, wọ́n ní ó sanra níwọ̀nba. Irọ́ ni. Kò sí Laure kankan níbì kan. Èmi Béatrice, Ìyá Espérance, tí mò ń ta ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo ọkọ̀, nínú ìgò níwájú ṣọ́ọ̀bù Djamiou, ojú mi báyìí ló ṣe, ìgò ẹ̀sáǹsì mi mẹ́rìnlá ló sì fọ́ níbẹ̀. Orin ló gé etí yẹn. Orin, àti ẹnu Djamiou.

Takon ni wọ́n ti bí i, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń fi igi ìwọnṣọ na àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Djamiou, ó ti ṣí ẹ̀wù fún mi rí, mo sì rí i. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá yẹn ní tó dáa ni rédíò. Bí orin bá ti tán, á yíjú sí wọn, á ní, “Kí lẹ gbọ́?” Ẹni tó bá dáhùn pé “ó dùn” ti jẹ igi nìyẹn. Kí ló dùn? Níbo ló ti dùn? Ta ló lu ohun tó dùn? Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, igi kejì. Bí Djamiou ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Nígbà tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sakété, orin kì í kú níbẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn olórin agbègbè wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tuntun ránṣẹ́ sí i lórí pọtáàbù, ìyẹn fóònù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán, á ṣe fókàlì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á sọ èyí tó dáa nínú orin náà àti èyí tí kò dáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń fún un ní nǹkan. Àmọ́ láti Sakété títí dé Pobè, àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń gbọ́ orin kó tó la ẹnu. Èkíní, ọwọ́ rẹ̀ á wà lẹ́nu máṣíìnì. Èkejì, á ká ọwọ́ gbera, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, á pe ẹni tí kò mọ olórin náà rí, èmi náà sì ni ẹni yẹn.

“Ìyá Espérance, ibo lọkàn yín ti kúrò nínú ẹ̀?”

“Ọkàn mi ò kúrò o. Ebi ló ń pa mí.”

“Ibo nínú orin yẹn ni ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa yín?”

“Ibi tó ti ń ki mẹ́à tó ń ṣolórí ìlú.”

“Hẹn-ẹn! Ibẹ̀ náà ni mo rò!” Á mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ rẹ̀, á kọ ìṣẹ́jú náà sára tábìlì.

Ó láwọn nǹkan tí kò jẹ́ sọ. Kì í dárúkọ ìyá olórin, kì í sọ̀rọ̀ aṣọ tó wọ̀ tàbí bí ẹnu rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó ní ohun tí òun kò bá lè fi ìka tọ́ka sí nínú orin, òun ò ní sọ ọ́. Síbẹ̀ náà, wọ́n ti sọ òkúta lu dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin kan ti fún un lọ́rùn lọ́jà rí nítorí olórin tó fẹ́ràn. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Ṣẹ́ ẹ rí i, wọ́n ń gbọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ dé orí orin Martial wàyí. Olórin Pobè ni Martial, ohùn rẹ̀ dáa, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bàbá àgbà kan kú ní abúlé tó wà lẹ́yìn Pobè, Ọdẹ́wálé lórúkọ rẹ̀, akọ̀pẹ ni. Zacharie ni àkọ́bí rẹ̀, akọ̀pẹ lòun náà, apá rẹ̀ tó igi ẹsẹ̀ tábìlì. Nínú ilé Ọdẹ́wálé, bí àgbà bá kú, olórin á pe orúkọ gbogbo òkú ilé náà, láti orí ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó títí dé orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń pè é, gbogbo ọmọ ilé á dìde dúró, àwọn àna á sì jókòó máa wò wọ́n. Wọn kì í dá a dúró láàárín. Ẹni tí wọ́n bá fò, wọ́n gbà pé ó máa padà wá béèrè ìdí.

Zacharie àtàwọn àbúrò rẹ̀ ní kí Martial ṣe orin yẹn. Martial mọ̀ pé òun ò ní sí nílé lọ́jọ́ ayẹyẹ, Kétu ló ń lọ, ó bá kọ orin náà, wọ́n gbà á sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ orin kì í jókòó sójú kan. Kí Jímọ̀ tó pé, ó ti dé ọwọ́ Djamiou.

Djamiou gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ó rò pé orin bí orin ni. Mo ṣì ní fókàlì náà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní: “Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ tẹ́tí sí gìtá yẹn, ó ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà. Martial, o ṣeun. Àmọ́ láti ìṣẹ́jú kẹfà títí dé ìkẹtàlá, orin yìí kú. Ò ń ka orúkọ èèyàn bíi mẹ́tìrì, tíṣà tó ń pe ọmọ kíláàsì. Ẹ gé ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn kúrò, orin á jí.”

Ẹ wò ó, ọkùnrin kan wà lọ́jà Pobè, Pacôme, tó ń kó orin sínú pọtáàbù fún èèyàn. Ó gbọ́ fókàlì Djamiou, ó sì gé orin náà lóòótọ́! Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n ń ṣe òkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ti wá gba orin.

Orin bẹ̀rẹ̀. Gìtá lọ. Ó tó àkókò, Zacharie dìde, gbogbo ilé dìde, ìyá wọn tí kò lè dá dúró, wọ́n gbé e dìde. Orúkọ kan kò jáde. Orin fò, ó ti ń sọ pé kí Ọlọ́run mú wọn délé. Àwọn àna kọ́kọ́ wo ara wọn. Ẹnì kan nínú wọn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ilé yìí ò ní òkú ni, àbí wọ́n kàn hù látinú ilẹ̀ ni?” Wọ́n ja ìjà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìgò fọ́ mọ́ èèyàn lórí.

Lọ́jọ́ Ajé, Zacharie àtàwọn àbúrò rẹ̀ lọ bá Pacôme. Wọ́n ṣẹ́ apá rẹ̀ ọ̀tún. Kí wọ́n tó dé orí ti òsì, ó ti pariwo pé, “Djamiou Sakété ló ní ká gé e!”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, alùpùpù mẹ́ta dé, ọkùnrin méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mò ń bu ẹ̀sáǹsì fún oníbàárà. Zacharie wọ ṣọ́ọ̀bù.

“Ta ni Djamiou?”

“Èmi ni. Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ ni?”

Ìgbátí ló fi dáhùn. Wọ́n gbé máṣíìnì, wọ́n dà á lé e lórí. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n fà á jáde sí gbangba, wọ́n jù ú sáàárín ìgò mi, ìgò fọ́, ẹ̀sáǹsì àti ẹ̀jẹ̀ pò mọ́ra wọn. Zacharie yọ kùmọ̀. Kò lù ú bí wọ́n ṣe ń lu olè o. Ó ń lù ú, ó sì ń pe orúkọ. “Ti Àbíálà nìyí!” Kùmọ̀. “Ti Láṣẹ́gun nìyí!” Kùmọ̀. “Ti Adékàmbí! Ti Ọdẹ́wálé, baba mi!” Eyín Djamiou kan bọ́ síwájú mi. Omijé ń bọ́ lójú Zacharie fúnra rẹ̀, kò nu ún, ó ń lù ú lọ. Gbogbo àdúgbò dúró, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn.

Zacharie wá gba àdá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó di etí Djamiou mú, ó gbé pọtáàbù sí i lẹ́nu.

“Sọ pé irọ́ lo pa. Sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́, àbí kí n gé ohun tó o fi ń gbọ́.”

Mo pariwo, “Djamiou, sọ fún un! Kí ló ná ẹ?”

Djamiou tu ẹ̀jẹ̀ dànù. Ó ní, “Èmi Djamiou aránṣọ ni. Ìdílé Ọdẹ́wálé, mo ṣẹ̀ yín. Mi ò béèrè iṣẹ́ tí ẹ fi orin yẹn ṣe kí n tó ní kí wọ́n gé e. Kò yẹ kí wọ́n gé e. Ẹ foríjì mí.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo ní kó o sọ. Ṣé irọ́ lo pa?”

Mo rí i tó ń wo àdá.

“Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Martial kà wọ́n bí ìwé. Irọ́ kọ́ nìyẹn.”

Àdá sọ̀ kalẹ̀.

N ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo gbé bídọ́ọ̀nù ẹ̀sáǹsì, mo dà á sí wọn lẹ́sẹ̀, mo fa ìṣáná kan yọ. N ò tilẹ̀ rántí pé Djamiou gan-an ló rẹ sínú ẹ̀sáǹsì jù.

Zacharie ní, “Ìyá, ẹ fi ìṣáná yẹn sílẹ̀.”

“N ò fi sílẹ̀! Ìyá ta ni? Gbogbo wa la jọ máa jóná níbí!”

Wọ́n fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi dé ìdí alùpùpù wọn. Ọ̀kan ṣubú nínú ẹ̀sáǹsì, wọn ò dúró dè é, eré ló fi lé wọn bá.

Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí sémidján, alùpùpù akérò, lọ sílé ìwòsàn, mo fi gèlè mi di etí tó ń fì lára awọ. Wọn ò rí i lẹ̀. Kùmọ̀ sì ti ba inú etí náà jẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan lápá yẹn mọ́. Ọlọ́pàá mú Zacharie lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ àwọn èèyàn ò gbà pé èèyàn lè pàdánù etí nítorí orin, ni wọ́n ṣe lọ bí Laure sílé ayé.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ Ràúdátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sìn ín dé ìdí takisí. Inú ń bí mi sí i. Mo ní, “Djamiou, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ká ní o ní irọ́ lo pa, etí ẹ ì bá wà níbẹ̀. Kí ló dé?”

Ó yí ẹ̀gbẹ́ tó dáa sí mi kó lè gbọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Espérance, ẹ ò gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń pe àwọn orúkọ yẹn? Ó ń pe baba rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí baba náà jáde wá dáhùn. Ká ní bí Martial ṣe pè wọ́n nìyẹn, ǹ bá ní kí wọ́n tún fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ mìíràn kún un.”