Gìgísẹ̀ Tí Kò Yí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí Àyànníyì télọ̀ kì í fi í gba ènìyàn gbọ́, kí ó béèrè ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣàmsúdéènì ní Ṣakí. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọ̀gá bá fẹ́ gé ọrùn aṣọ, á ní, "Níyì, sáré lọ ra òwú dúdú wá." Kí Níyì tó dé, ọrùn ti di gígé. Ní ọjọ́ tí ó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín ẹran, ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí tuntun lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyá arúgbó kan. Bùbá tí ó rán fún un dé iwájú orí màmá náà, ó kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni Àyànníyì ti mọ̀ pé ọdún márùn-ún òun lábùkù.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, bí o bá kí Àyànníyì pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ó kó wá sí Ìbàdàn, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, ó ń tú ògbólógbòó aṣọ palẹ̀ láti fi kọ́ ara rẹ̀ ní ọrùn gígé. Ó sì mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bá a dá sí i.

Ní ọdún 1981, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé aṣọ funfun tó nípọn wá bá a. Orúkọ ọkùnrin náà ni Ọlálẹ́yẹ, ọmọ Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì. Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwòsàn lọ. Ó fẹ́ ṣòkòtò tí itan rẹ̀ kò ní ya bó ti wù kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ ga tó. Àyànníyì rán itan náà ní ìlọ́po méjì, ó sì gbé aṣọ náà lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bọ́ bàtà, tí wọ́n ń na afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kàrátè ni wọ́n ń kọ́. Ó dúró wò wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó padà wá ní Sátidé kejì, òun náà bọ́ bàtà.

Àwọn ará Agbowó gbà pé àwọn oníkàrátè ti sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Àyànníyì fi téèpù wọn ọwọ́ Ọlálẹ́yẹ fún aṣọ mìíràn, ó yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní. Kò rí gbẹ́rẹ́ kankan. Èyí kò sọ fún un pé gbẹ́rẹ́ kò sí. Ohun tó sọ fún un ni pé ó wà níbi tí téèpù kò tíì dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ fún ọdún márùn-ún, tó ń fi ojú kan kọ́ ẹ̀kọ́, tó ń fi ojú kejì ṣọ́ olùkọ́. Ó dé orí bẹ́líìtì búráùn. Ó ku dúdú nìkan, àti ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń jẹ́ olùkọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1986, Ọlálẹ́yẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Níyì, a fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní Challenge. Bí o bá yege nínú ìdánwò bẹ́líìtì dúdú ní oṣù kejìlá, ìwọ ni yóò máa darí rẹ̀."

Inú Àyànníyì dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀! Kí wọ́n máa tẹ̀ ba fún un ní ìta gbangba Challenge, òun tí bùbá rẹ̀ kò gba orí ìyá arúgbó kọjá!

"Ṣùgbọ́n láti òní lọ," Ọlálẹ́yẹ ní, "o kò ní kọ́ ohun tuntun kankan lọ́dọ̀ mi mọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wàá máa kọ́."

Inú tó dùn náà bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ní Ṣakí.

Wọ́n kó àwọn tí kò mọ bí a ti ń di ìkúùkù fún un. Ọlálẹ́yẹ á jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa fún un ní ìmọ̀ràn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ tún àṣìṣe tó ju ẹyọ kan ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tí a bá sọ àṣìṣe mẹ́ta fún kò ní gbọ́ ìkankan. Ó ní kó máa kọjú síbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjú sí bó bá ń fi nǹkan hàn wọ́n, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ó ní kó máa gbọ́ èémí wọn, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í mí dáadáa. Àyànníyì ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó sọ fún ìyá kan tó ń ta èédú pé kó fa ìgúnpá sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa okùn ẹnu àpò, ìyá náà sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wí pé: kí ni ọkùnrin yìí ń fi pamọ́ tó fi ń fi gbogbo eléyìí dí mi lọ́wọ́?

Ní oṣù kẹrin, Ọlálẹ́yẹ ní kó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ring Road, ní Sátidé mẹ́rin, kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí a ti ń di egbò àti orúnkún tó bá yẹ̀. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Àmọ̀kẹ́.

"Òwú dúdú ni wọ́n tún rán mi lọ rà yìí. Kí n tó dé, wọn á ti gé ọrùn aṣọ."

"Ta ni wọ́n ń gé e fún?" Àmọ̀kẹ́ bi í.

"Ohun tí mi ò tíì mọ̀ nìyẹn."

"Bàbá Ṣadé, tí ìfura bá ń mówó wọlé ni, a ò bá ti kọ́lé sí Bódìjà."

Ó bínú, kò jẹun mọ́. Ìfura loògùn àgbà, ó ní. Òótọ́ ni, àwọn baba wa ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi oògùn ṣe oúnjẹ, àìsàn mìíràn ni yóò fi dá sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni ìwé kan, ẹlẹ́yìn búlúù, tí Ọlálẹ́yẹ máa ń gbé lé itan. Bí Àyànníyì bá ti ń kọ́ni, ọkùnrin náà á máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí Àyànníyì bá súnmọ́ ọn, á pa á dé. Àyànníyì sì ṣàkíyèsí pé ìgbà tí Ìyábọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́, bá dìde ni bírò náà máa ń sáré jù.

Ìyábọ̀ ló ń tẹ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, tó ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Bí a bá fi nǹkan hàn án lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Àyànníyì fẹ́ràn rẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọbìnrin tó yára tó báyìí, tí ọ̀gá ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé! Ṣé ọmọ yìí ni wọ́n ń gé ọrùn aṣọ fún? Ṣé òun ni wọ́n fẹ́ gbé Challenge fún?

Bí a bá fẹ́ gbá ẹsẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí sí iwájú bí ẹsẹ̀ kejì ti ń lọ. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá, òun náà ló sì ń gba orúnkún là. Nígbà tó kan èyí, Àyànníyì kọ́ Ìyábọ̀ ní bí a ti ń gbé itan, bí a ti ń na ẹsẹ̀, bí a ti ń kó o padà. Kò dárúkọ gìgísẹ̀. Bó bá fẹ́ gbá a fún un wò, á yára débi pé ojú kò ní bá ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Ohun tí Ṣàmsúdéènì ṣe fún un gan-an ló ṣe, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní ọgbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá Níyì," Ìyábọ̀ bi í ní ọjọ́ kan, "kí ló dé tí orúnkún mi máa ń ta mí bí mo bá gbá ẹsẹ̀ yìí?"

"Ara rẹ ni kò tíì rọ̀. Máa ṣe é lọ."

"Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò tó dé, Ọlálẹ́yẹ pàápàá bi í.

"Níyì, ṣé o ti kọ́ Ìyábọ̀ tán? Mi ò rí kí gìgísẹ̀ rẹ̀ yí."

Àyà Àyànníyì já, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò já. "Mo ti kọ́ ọ, sà. Ara ẹ̀ ló le."

Ọlálẹ́yẹ mi orí pé òun gbọ́, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Bàbá Adégbọlá ló ti Èkó wá ṣe ìdánwò náà, arúgbó tó ga, tí irun rẹ̀ ti funfun. Àyànníyì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kò ṣi ẹyọ kan. Ó ń retí ìgbà tí wọn yóò béèrè ohun ìkọ̀kọ̀ náà, èyí tí Ọlálẹ́yẹ kò kọ́ ọ. Wọn kò béèrè rẹ̀.

"Ó tó," ni Bàbá Adégbọlá wí. "A ti rí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Pe ẹnì kan wá, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló kọ́ ọ, kí a rí ohun tí ìwọ fi kọ́ni."

Kò sí ẹlòmíràn tó ti dé ibi tí a lè fi hàn. Ìyábọ̀ jáde, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ṣe é dáadáa títí Bàbá fi ní, "Gbá ẹsẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ."

Àyànníyì la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ: dúró. Ó rántí Challenge, ó pa ẹnu dé. Ìyábọ̀ gbá a. Ara rẹ̀ yí, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò yí, gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn sì gbọ́ bí orúnkún náà ti dún. Ó ṣubú, ó ké.

Àyànníyì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di orúnkún náà gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Bàbá Adégbọlá dúró lé wọn lórí.

"Ọmọ mi, ṣé ó sọ fún ọ rí pé kí o yí gìgísẹ̀?"

"Rárá, sà," ni Ìyábọ̀ wí láàárín ẹkún.

Bàbá kọjú sí Àyànníyì. "Gìgísẹ̀ tìrẹ yí nígbà tí ìwọ gbá a. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọ̀gá mi ni, sà."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá a."

Wọn kò fún un ní bẹ́líìtì, wọn kò fún un ní ìwé. Ọlálẹ́yẹ kò bá a wí rárá. Ó kàn gbé ìwé ẹlẹ́yìn búlúù náà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ gbé Ìyábọ̀ sínú ọkọ̀. Àyànníyì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó ṣí i. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ àti ohun tí ó ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Ó fi okùn àpò kọ́ ìyá eléèdú. Ó dára gan-an. Èmi náà yóò lò ó." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, kìkì ìyìn. Lórí èyí tó kẹ́yìn ló ti rí i: "Gìgísẹ̀ Ìyábọ̀ kò yí. Mo bi Níyì. Ó ní òun ti kọ́ ọ, ara rẹ̀ ló le. Mo gbà á gbọ́."

Ó ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá, Ìyábọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé àga gíga kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Àyànníyì lọ bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó tọrọ àforíjì, kò fi nǹkan kan bò. Ó bọ́ bàtà, ó yí gìgísẹ̀ fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyábọ̀ kò wo gìgísẹ̀ náà. Ojú Àyànníyì ló ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá Níyì, èwo ló tún kù?"

"Kò kù, Ìyábọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, kò kù."

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. Ṣùgbọ́n Àyànníyì mọ ojú yẹn. Ojú tí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ọ̀gá Ṣàmsúdéènì ni, láti ọjọ́ tí bùbá ti kọ̀ sí ìyá arúgbó lórí.