Ta Ló Forí Ji Ta Lórí Òkú Nàjíbù?

Nàjíbù kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún yìí, lórí ẹní, nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò wa, Titirou. Kí a tó kí ìrun àyìlà, a ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Àràmọ́tù ìyàwó rẹ̀ kò tíì rí àyè nu ojú tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kádàrá ni. Ẹni mẹ́ta ni mo fi etí ara mi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí oòrùn tó wọ̀. Kádàrá wà lóòótọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin láyé, mo sì ti ṣàkíyèsí pé níbi tí wọ́n bá ti ń yára pe kádàrá, ọwọ́ ẹnìkan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọn kò fẹ́ ká wò.

Ẹ má bínú sí mi bí mo bá ń fura. Ìfura loògùn àgbà, èmi ò sì ní oògùn mìíràn.

Ọdún mọ́kànlá ni Nàjíbù fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú kan lẹ́yìn ìlú wa níbí. Ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ òwú mọ́lẹ̀, tó ń dì í ní ìdì ńláńlá, ni wọ́n fi í sí. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òwú á kún irun rẹ̀, á kún irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pè é ní arúgbó, òun náà á tẹ ẹ̀yìn, á máa wúkọ́, á máa lé wọn kiri. Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé mi, Ọjọ́ Àìkú tó yẹ kó fi sinmi ló fi gun orí ilé mi, ìṣó lẹ́nu. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pè mí níbí. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní: “Mẹ́tìrì, bí òjò bá pa yín, ta ni mo fẹ́ máa bá jiyàn?” Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ikú rẹ̀ sì dùn mí dé ọkàn.

Ohun kan tún wà tí gbogbo Titirou mọ̀ nípa rẹ̀. Nàjíbù kì í gun alùpùpù. Zémìjàn kan, alùpùpù akérò, ti gbé e ṣubú nígbà tó wà lọ́mọdé, látìgbà náà, bó o bá fún un ní góòlù, kò ní jókòó lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ká má tíì wá sọ pé kó wà á fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa.

Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an tí òwú sì ń wọlé lọ́sàn-án lóru, ẹ̀rọ náà há. Nàjíbù na ọwọ́ sí i láti yọ ohun tó há, ẹ̀rọ náà sì mú apá rẹ̀ ọ̀tún títí dé ìgúnpá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé irin ìbòrí tó yẹ kó wà lójú ẹ̀rọ náà ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, torí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún sọ fún mi pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, irin náà ti padà sí àyè rẹ̀, ọ̀dà tuntun sì ń dán lára rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ parí rẹ̀ fúnra yín.

Ta ló gbé Nàjíbù níjọ́ náà? Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ni, Akínbọ̀wálé, ọmọ Ṣábẹ̀ bíi tèmi, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Kò gbé e lọ sí lopitáàlì. Abúlé kan tí wọ́n ti ń to eegun ló gbé e lọ. Ó ní: “Àbúrò, lopitáàlì á ní ká mú ìwé, ká mú pápíyé wá, pápíyé á sì pẹ́. Èmi ni mo wà níbí, ilé iṣẹ́ á gbọ́ gbogbo bùkátà ẹ̀.” Nàjíbù gbà. Ṣé kí ó má gbà ni? Akínbọ̀wálé ló dúró tì í níjọ́ tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Láàrin àwa yìí, ẹni tó bá béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ti bú ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe wa nìyẹn, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ti ń fi jẹun lára wa tipẹ́.

Torí òfin ilẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ méjì péré ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó àjọ tí gbogbo wa ń pè ní Kẹ́ẹ̀sì létí. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń wá, àti ohun tí yóò máa jẹ bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá sì kú, láti ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ opó àti ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí dókítà, kò ní sí ìwé dókítà. Níbi tí kò bá sí ìwé, ta ni yóò sọ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀? Ẹ wá sọ fún mi pé ojú àánú ni wọ́n fi gbé e lọ sí abúlé.

Oṣù méje ni apá náà fi ń kẹ̀. Akínbọ̀wálé wá lẹ́ẹ̀mejì, kò wá mọ́. Nígbà tí a fi máa gbé Nàjíbù dé lopitáàlì, dókítà ní oró egbò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé a ti pẹ́ jù. Ó tún béèrè pé níbo la wà láti oṣù kìíní. A gbé e padà sílé.

Ní fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Akínbọ̀wálé yọ sí wa pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì àti àgbò kan. Ó jókòó láàrin wa, ó sọkún. Nígbà tí àdúrà ń parí lọ, ó dìde. Ó ní: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, sẹ́ẹ̀fù àgbà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, ní kí n kí yín. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣẹ òkú yìí, ẹ forí jì wá. Bí òun náà bá ṣẹ̀ wá, a ti forí jì í.” Àṣà wa ni bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ̀ ọ́ lójú àdúrà? Gbogbo ilé ní àwọn forí jì í. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ṣe àmín, mo tún ṣe é sókè.

Ìgbà náà ni ìwé kan àti tàdáwà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àràmọ́tù wà nínú opó, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló wà, kò gbọ́dọ̀ jáde sáàrin ọkùnrin. Wọ́n ti ìwé náà gba abẹ́ aṣọ wọlé sí i. Ìka kan ṣoṣo ni mo rí tó yọ síta, tó tẹ̀ ẹ́, tó padà sínú. Èmi tí mo ń bá gbogbo àdúgbò ka ìwé Faransé, awò ojú mi wà nínú àpò, n kò yọ ọ́. Mo ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Mo kọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo mọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Jẹ̀mílà, àbúrò Àràmọ́tù tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, lọ sílé iṣẹ́ náà láti béèrè ẹ̀tọ́ òkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n na ìwé náà sí i lójú. Ọlọ́run bá a ṣe é, ó fi fóònù yà á kí wọ́n tó gbà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Nàjíbù ṣubú lórí alùpùpù ara rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú kan, àti pé ẹbí jẹ́rìí sí i, wọn kò sì ní ohunkóhun í bá ilé iṣẹ́ fà.

Alùpùpù! Nàjíbù! Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n mú. Kí ló dé tó jẹ́ Ọjọ́ Àìkú? Torí òfin kan náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ títí dé ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ iṣẹ́ ló ṣubú, ọ̀rọ̀ ṣì lè kàn wọ́n. Ẹni tí kò mọ òfin kò lè pa irú irọ́ yìí. Wọ́n mọ ẹ̀tọ́ Nàjíbù ju bí Nàjíbù ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Mo lọ bá Àràmọ́tù, mo kà á fún un láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó wá ní: “Mẹ́tìrì, wọ́n ní ti ìrẹsì ni. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka pé ìrẹsì dé ọwọ́ mi.”

Mo gba ọ̀dọ̀ Àfáà Àbdùlhàfíìsì lọ, òun ló ṣe àdúrà fìdáù náà. Inú bí i débi pé tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: “Àràmọ́tù lè forí ji èyí tó jẹ́ tirẹ̀, bó bá mọ ohun tó ń forí jì. Ti ọmọ aláìníbaba ńkọ́? Èmi ò lè forí jì í. Ìyá wọn ò lè forí jì í. Ta ní fi àdúrà mi ti ilẹ̀kùn ẹ̀tọ́ wọn pa?” Agbẹjọ́rò tí mo bi léèrè náà sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ẹbí, àti pé ẹbí fúnra wọn lè kéde ìjàǹbá náà kí ọdún méjì tó pé. Ọdún méjì kò tíì pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ òwú, ẹ mú ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí ní oṣù kìíní jáde, ká wo ọjọ́ tí orúkọ Nàjíbù dẹ́kun níbẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó yọ irin ìbòrí, àti ti ẹni tó kùn ún lọ́dà mọ́jú. Akínbọ̀wálé, ẹkún rẹ kò tó, wá sọ̀rọ̀ níwájú olùbẹ̀wò iṣẹ́. Ìwé ẹ̀sùn wa yóò ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ka èyí tán.

Ẹ ti gba ìka ìyá lábẹ́ aṣọ ìkélé. Ọmọ mẹ́ta ṣì wà nílé náà tí wọn ò tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni. Hùdá ni àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ti gba fóònù lọ́wọ́ Jẹ̀mílà, ó ti ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí pé ta ló kọ ọ́. Èmi kọ́ ló yẹ kó dá a lóhùn. Ẹ wá dá a lóhùn fúnra yín.