Oníkọ́nà Ń Wá Alùpùpù

Ọjọ́ tí Bàbá Oníkọ́nà gbé kọ́ọ̀bù omi lọ sí ṣọ́ọ̀bù alùpùpù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Kọ́ọ̀bù tíì funfun ni, etí rẹ̀ ti sán díẹ̀. Ó bu omi kún un dé ẹnu, ó nà án sí ọkùnrin tó ń ta alùpùpù, ó ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi. Ẹ di kọ́ọ̀bù yìí mú. A fẹ́ yí rándábáòtù yẹn ká."

Ọkùnrin náà wo omi, ó wo télọ̀ arúgbó tó fi téèpù kọ́rùn bí ẹni tó so táì. "Bàbá, kí ló kan omi nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù?"

"Alùpùpù tó bá mọ kọ́nà gbà, omi inú kọ́ọ̀bù kì í dà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n gbà á máa jù yín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ gùn, ẹ jàre."

Wọ́n lọ. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i bí wọ́n ṣe wọ rándábáòtù, tí alùpùpù gbọọrọ náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí irin ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ fi ń ha ilẹ̀, tí iná ń ta pàrà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, inú kọ́ọ̀bù ti gbẹ táútáú.

"Ẹ ò rí i?" ni Bàbá Oníkọ́nà wí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí adájọ́ tó ti dájọ́ tán. "Gbogbo omi ló dà."

"Ẹ̀kán kan ò dà, Bàbá," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Èmi ni mo mu ún. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ mí."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ayé ló sú u tó fi ń wá eré ọmọdé kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, títí egungun ìgbáròkó rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ó fẹ̀yìntì tán, kò lè rìn jìnnà mọ́. Bọ́ọ̀sì ga jù fún un láti gùn. Tó bá wọ takisí, èébì ló máa ń gbé e. Obìnrin tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wo ìlú láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Atẹ́gùn wù mí."

Télọ̀ dìde láti ṣí fèrèsé.

"Kì í ṣe èyí tó ń wá bá èèyàn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èyí tí èèyàn ń jáde lọ pàdé ni."

Ọkùnrin náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára fèrèsé. Ó padà wá, ó yọ ṣòkòtò oníbàárà kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ó sì jáde láì sọ ibi tó ń lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá alùpùpù nìyẹn.

Àwọn alùpùpù tó ga kò ṣeé ṣe nítorí ìgbáròkó. Ó wá ku àwọn gbọọrọ onídìí ìsàlẹ̀, tí èèyàn ń jókòó sí bí ẹni tó jókòó sí sófà, tí ẹsẹ̀ ń nà síwájú, tí apá ń là sọ́tùn-ún sósì. Ara rọ̀ lórí wọn, ojú wọn sì fani mọ́ra. Àléébù wọn ni pé bí wọ́n bá dé kọ́nà, wọ́n á máa ṣe bí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé gba àtẹ̀gùn. Kò sì sí ọjọ́ tí télọ̀ yìí dé ṣọ́ọ̀bù tí kò ní béèrè pé, "Kọ́nà ńkọ́?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Ó sú ọkùnrin tó ń ta alùpùpù. "Bàbá, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀. Ìrọ̀rùn tàbí kọ́nà. Ẹnì kan kì í rí méjèèjì lójú kan."

"Mo ti rí i rí," ni Bàbá Oníkọ́nà wí. "Mo sì fẹ́ ẹ níyàwó."

Nílé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró ti ògiri. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbàdí dé gìgísẹ̀. Ó tún wọn bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè gòkè tó kó tó dùn ún.

"Ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún mi ni?"

"Alùpùpù ni. Má mira."

"Bàbá ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Wọn kì í ra bàtà fún èèyàn láì wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ nǹkan tó máa gbé gbogbo ara."

Láti ìgbà náà, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, kì í béèrè agbára ẹ́ńjìnnì mọ́. Á na téèpù láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó ẹ̀yìn, á mirí. "Èyí há." Á sún mọ́ ìkejì. "Èyí ṣò." Ó ṣe é títí ọkùnrin tó ń ta ọjà fi gbọ́wọ́ lérí, ó ní, "Bàbá, ẹ kúkú jẹ́ ká fi abẹ́rẹ́ mú un wọlé díẹ̀."

Onígẹ̀run kan wà ní òdìkejì òpópónà, ọ̀rẹ́ àti alátakò télọ̀ yìí. Nígbà tó rí i pé gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ alùpùpù, òun náà lọ ra tirẹ̀ láì fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Ó tóbi, ó dúdú, irin rẹ̀ ń dán débi pé àwọn oníbàárà ń fi wo ẹ̀yìn orí wọn. Ìró rẹ̀ ń mi gíláàsì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún, ó lọ dé ìparí òpópónà pẹ̀lú ìyẹ́sí. Ó wá fẹ́ yí padà. Alùpùpù kọ̀. Ó tì í sẹ́yìn, ó tún gbìyànjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ọgbà onílé, àfi ìgbà tí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bá a gbé ìdí rẹ̀ yí.

Bàbá Oníkọ́nà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "àlọ nìkan ni wọ́n tà fún ẹ. Wọn ò ta àbọ̀."

Àkọ́bí Bàbá Oníkọ́nà, tó jẹ́ lọ́yà ní ìlú míì, gbọ́, ó sì pè lórí fóònù. "Bàbá mi, ẹ̀yin àti Màámi, lórí alùpùpù? Kí ló ṣe mọ́tò?"

"Mọ́tò ní òrùlé."

"Ohun tó dáa lára rẹ̀ nìyẹn!"

"Ìyá rẹ ò wá òrùlé. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé."

"Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi," ló wá sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ohun tó mú mi pẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, èyí tí mo kọ́kọ́ rí ni mi ò bá ti gbé."

Lọ́yà tí ẹnu rẹ̀ kì í kọṣẹ́ ní kóòtù kò bá a jiyàn mọ́. Ó ní, "Àwọ̀ wo lẹ ń wò?"

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rí i níkẹyìn, lábẹ́ tapólì, láàárín àwọn táyà àlòkù. Kì í ṣe tuntun, kò sì tóbi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti gbó. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ orúnkún gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò sì là jù. Bàbá Oníkọ́nà na téèpù, ó wò ó, ó tún un nà. Ó ká téèpù, ó sì dákẹ́. Ọkùnrin tó ń ta ọjà ní kò sí ohun tó dẹ́rù ba òun nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ó bu omi sí kọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà sá sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo lọ́mọ."

Ni wọ́n bá lọ mú Ìyá Nọ́ọ̀sì wá. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìjókòó, ó dúró kí ìrora dé, ìrora ò dé. Ọkọ rẹ̀ gbé kọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. "Bí mo bá tẹ̀, ìwọ náà tẹ̀," ló wí. "Má bá mi jà." Wọ́n yí rándábáòtù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún un yí. Nígbà tí wọ́n dé, gèlè Ìyá Nọ́ọ̀sì ti tú sí èjìká, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kọ́ọ̀bù ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kọ́ọ̀bù dà?"

"Mo ti jù ú nù ní kọ́nà àkọ́kọ́," ló wí. "Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ọkọ mi mú."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ìlọ̀yẹ̀fun, wọ́n á gun afárá, wọ́n á sì bá ọ̀nà tó wé mọ́ òkè kan lọ. Bí télọ̀ bá tẹ̀ sósì, nọ́ọ̀sì á tẹ̀ sósì, bí ẹ̀wù àti aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. Ó máa ń padà wálé pẹ̀lú eruku lójú àti ìròyìn lẹ́nu: wọ́n ti kun ilé tìhín, igi tọ̀hún ti wó. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kò rí i mọ́.

Ọdún díẹ̀ ni. Kò tó. Ta ni yóò sọ pé ó tó?

Àìsàn télọ̀ ò pẹ́. Onígẹ̀run wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi fìlà nu ọwọ́. Bàbá Oníkọ́nà la ojú. "Ta alùpùpù kọ́bọ́ọ̀dù yẹn," ló wí, "kó o tó gbé e wọ yàrá onílé." Onígẹ̀run rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gba ojú lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn ń wá béèrè láti ra alùpùpù náà. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í kọ̀ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ó bi ọ̀kan pé, "Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Màmá."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó?"

Ọkùnrin náà ò mọ̀.

"Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ná," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí, ó sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Onígẹ̀run ló ń wá báyìí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi láti tan ẹ́ńjìnnì, kó má bàa kú. Á gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ nínú ọgbà, á tàn án, á fi aṣọ nu dígí. Ní ọjọ́ kan Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde wá. Ó ti so gèlè le. Ó gun ìjókòó ẹ̀yìn, iwájú sì ṣófo. Onígẹ̀run gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Nígbà tó tún wò ó, obìnrin náà ti di ojú. Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Ara rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sósì, ó nà padà, ó tún tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó pẹ́ níbẹ̀. Onígẹ̀run mọ ọ̀nà ìlú. Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ìlọ̀yẹ̀fun nìyẹn. Wọ́n ti ń gun afárá.

Ó dúró títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná dáadáa. "Màmá," ló wí nígbẹ̀yìn, "ṣé kí n pa á?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì ò la ojú. "Dúró díẹ̀," ló wí. "A ò tíì dé."

Onígẹ̀run bá rọra sún kúrò lójú ọ̀nà.