Fọ́ọ̀mù Tí Mo Buwọ́ Lù Láìkà Á

Igba náírà ni mo san lánàá kí wọ́n tó bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì ewé ìwé kan ṣoṣo, ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yà sí ní Ọ̀jọ́. Nígbà tí èmi wà ní yunifásítì, náírà kan ààbọ̀ ló ń bọ́ wa láti àárọ̀ di alẹ́, adìyẹ sì máa ń wà lórí ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá là ń ra ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé agbègbè yìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kọ́bọ̀ ni mo fi ń wọ mọ́tò láti Okokomaiko dé Ọ̀jọ́, ṣéńjì á sì kù tí mo máa fi ra ẹ̀pà. Lánàá, ẹgbẹ̀rún kan náírà lé ni mo ná ní àlọ nìkan, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ kẹ̀kẹ́ kí n tó débẹ̀.

Kì í ṣe owó náà ló dùn mí. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ná an ló dùn mí. Wọ́n ní kí n mú fọ́tòkọ́pì yẹn wá kí àwọn elétò ìdìbò lè gbà pé mi ò tíì kú.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Yàrá kan náà la gbé ní yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà la sì ti ṣe olùkọ́ ní Ọ̀jọ́. Òun ń kọ́ wọn ní ìṣirò, èmi ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Nígbà tí ilẹ̀ Ìbà ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, a jọ ra púlọ́ọ̀tì méjì tó fara kanra, a sì jọ kọ́lé. Ìwà kan ṣoṣo tó ní tí mi ò fẹ́ràn ni pé kò lè fara balẹ̀ lórí ìlà. Ibi yòówù ká ti tò, ì báà jẹ́ báǹkì, ì báà jẹ́ ilé epo, á rọra sún, á tún sún, kí n tó mọ̀, ó ti dúró síwájú mi. Bí mo bá bínú, á ní, "Ṣebí ìwọ náà ló máa kàn." Ó kú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Mo wà lára àwọn tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

A dìbò lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ni ibùdó ìdìbò wa wà. Wọ́n máa ń lẹ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ògiri níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò oníkálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú fọ́tò náà títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bẹ̀ mí pé kí n lọ bá wọn kí wọ́n yọ orúkọ náà. Ó ní òun ò fẹ́ máa pàdé ọkọ òun lára ògiri ní gbogbo ìgbà tí òun bá wá dìbò, òun ò sì fẹ́ kí olóṣèlú kankan fi orúkọ rẹ̀ ṣe jìbìtì. Mo ṣèlérí fún un.

Mo rò pé ohun kékeré ni. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, wọ́n gbà wá ní akọ̀wé ìdìbò ní Okokomaiko. Kí ìdìbò tó dé, a kó gbogbo ará àdúgbò jọ, a gbé bẹ́ǹṣì síta, a sì ń ka orúkọ. Ọ̀rẹ́ mi lohùn rẹ̀ ròkè, òun ló ń kà á. Bó bá ti ka ọ̀kan, àwọn èèyàn á dáhùn pé, "Ó wà," tàbí pé, "Ó ti papò dà." Èmi á fi rúlà fa ìlà pupa sórí ti ẹni tó ti papò dà. Nígbà tó ka orúkọ bàbá apẹja kan, gbogbo èèyàn ní bàbá náà ti kú. Bàbá bá dìde láti ẹ̀yìn, ó ní òun lọ sí Badagry ni, ta ló sọ pé òun kú? A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò sọ pé ìdìbò ayé ọjọ́un mọ́ o. Wọ́n jí àpótí gbé lójú mi, wọ́n sì dáná sun ilé. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wà láàyè, ìwé wa mọ̀ ọ́n. Pẹ́ńsù pupa àti rúlà la fi ṣe é.

Nígbà tí ìdìbò tó tẹ̀ lé e ń bọ̀, àwọn elétò ìdìbò tún lẹ orúkọ síta fún ọjọ́ mélòó kan, pé kí ẹni tó bá rí àṣìṣe wá sọ. Mo lọ. Ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ló jókòó síbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ àjọ náà sí lẹ́yìn, fóònù wà létí rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wá láàárọ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, mo sì na ọwọ́ kí n gbà á, àmọ́ kò fún mi.

"Dádì, ẹ jókòó," ó wí. "Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́, kójú má baà máa dùn yín."

Èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sára bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àmọ́ òótọ́ ni pé mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé, ìtìjú sì mú mi, mo jókòó. Ó béèrè orúkọ mi, ó kọ ọ́. Fóònù dún. Ó béèrè orúkọ òkú. Fóònù tún dún, ó ń bá ẹni kan jà lórí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe ní Alábà. Ó tún béèrè orúkọ mi, mo tún sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ti ìwé sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka hàn mí níbi tí mo máa buwọ́ lù, mo sì buwọ́ lù ú. Gbogbo ọmọ tó gba kíláàsì mi kọjá ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Bí mo bá ń bínú sí àjọ yìí, ẹ mọ̀ pé mo ń bínú sí ara mi náà.

Lọ́jọ́ ìdìbò, aago méje àárọ̀ ti bá mi lábẹ́ igi fúrúùtù, èmi àti ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ dé. Wọn ò mú tábìlì wá. Ilé ọ̀rẹ́ mi la ti lọ gbé tábìlì oúnjẹ wá fún wọn kí wọ́n tó rí ibi gbé ẹ̀rọ lé. Nígbà tó kàn mí, agùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin tójú rẹ̀ ti rẹ̀, gba káàdì mi. Ó ní kí n tẹ ìka, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wo inú ẹ̀rọ, mo wò ó. Ó ṣe é títí, ó sì yí sí ìwé tó wà lórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orúkọ yín ò sí níbí."

Awò ojú mi wà lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo tẹ̀ ba, mo wo ìwé náà fúnra mi. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan náà la forúkọ sílẹ̀, òun ṣáájú, èmi tẹ̀ lé e, nítorí pé ó ti sún síwájú mi lọ́jọ́ yẹn náà. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí tèmi wà, ojú ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó jókòó nítòsí béèrè bóyá mo ti kú tí mi ò sọ fún wọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí kò bá jẹ́ èmi. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán, nítorí mo rò pé ọ̀gá kan á dé tó máa tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó dé. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dìbò tirẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ti ọwọ́ tí wọ́n fi yíǹkì sí bọ abẹ́ gèlè rẹ̀, bí ẹni pé ó jí nǹkan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó wá fọ́ọ̀mù yẹn rí. Obìnrin kan ló gbé e síwájú mi, mo sì kà á níkẹyìn. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kú, tèmi ni. Ìbuwọ́lùwé mi wà nísàlẹ̀, ó dán, ó gún régé. Òkú ló wá sọ fún wọn pé èmi ti kú, wọ́n sì gbà á gbọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan láti ilé ẹ̀kọ́ yẹn dé Àbújá tó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní kí wọ́n tún orúkọ mi kọ. Obìnrin náà ní kò ṣeé ṣe, pé bí mo bá tún tẹ ìka, ẹ̀rọ á sọ pé àtẹ̀ka náà ti wà lọ́wọ́ òun, pé ẹni kan kì í forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ni àtẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?" mo bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi tí mo ti kú?"

"Dádì, mo rí yín. Ẹ dúró níwájú mi, mo rí yín. Àmọ́ nínú ẹ̀rọ, ẹ ò sí."

Ìrọwọ́rọsẹ̀ ni wọ́n ní ìdìbò lọ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó mọ ojú èèyàn, wọn ò sì gba ẹnì kan tó lè ka ewé ìwé kan. Bàbá apẹja ayé ọjọ́un dìde láti ẹ̀yìn, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà, ó sì tán. Èmi rèé, mo kàwé, mo kọ́ ọmọ wọn, mo dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí wọn, ẹnu mi ò tó.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló fi etí gèlè nu ojú. "Ọkọ mi, ẹ dárí jì í," ó wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó tún ti gba iwájú yín ni."

Ohun tí wọ́n wá ní kí n ṣe báyìí rèé. Kí n mú fọ́tòkọ́pì káàdì mi wá, kí n sì mú ẹni mẹ́ta tí a jọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní ibùdó wa, kí wọ́n wá jẹ́rìí pé mo wà láàyè. Mo fẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú, kí n kú tán kí wọ́n tó yọ mí. Nítorí náà, mo jókòó ní bàrándà mi láàárọ̀ yìí, mo yí ẹ̀yìn fọ́tòkọ́pì onígba náírà náà, mo sì ń kọ àwa tí a jọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn síbẹ̀.

Ṣọ́jà ojú omi tó ti fẹ̀yìntì, tó gbé àga tirẹ̀ wá láti Navy Town: ó ti kú.

Ìyá tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní Alábà: ó wà láàyè, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ sí Ṣàgámù, wọ́n ní kò dá èèyàn mọ̀ mọ́.

Onílé àdúgbò wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, tó ń pín omi tútù fún wa: ó ti kú.

Káfíńtà tó wà ní Ìjánikin báyìí: ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, àmọ́ ó ní òun á wá.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi: ó wà láàyè. Ó ti ká aṣọ tó máa wọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi: ó ti kú. Ẹnì kẹta kò sí, àfi òun, tó ṣì wà láàyè nínú ìwé wọn.

Èmi: mo wà.